Ìlà Ẹfun

Òdìkejì ọ̀nà ni mo máa ń gbà
tí mo bá ń kọjá ní Arákàlẹ̀,
nítorí ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe,
ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì náà
na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta bí aṣọ tí wọ́n sá.
Kò lè ká a.
Èmi ni mo ṣe é.

Ọdún mọ́kànlá rèé.
Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Àró
la ti ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà.
Ẹ má bi mí ìdí tí a fi ń pè é ní gbígbá:
ọwọ́ la fi ń gbé e,
a ó fún un mọ́ àyà, a ó sì máa sá lọ
bí ẹni tó jí kòkó lóko olóko.
Àwọn ọmọdé orí ògiri a máa kígbe:
“Olè kòkó! Ẹ mú un!”

Akoto mẹ́sàn-án ló wà fún ènìyàn méjìlélógún.
A máa ń ṣí i fún ara wa,
òógùn ẹlòmíràn a máa ṣàn sí wa lójú.
A dáàbò bo orí.
Ta ló rántí orúnkún?

Akínmọ́ládùn lorúkọ rẹ̀.
Tó bá gbé bọ́ọ̀lù, eruku pupa a dìde lẹ́yìn rẹ̀
bí ìgbà tí tírélà bá gba ọ̀nà Ìdànrè.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá mi dànù bí ẹni gbá ilẹ̀.
Kóòṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:
“Olúwàtúyì, wọn kì í ti òkè gé igi.
Ìdí ni kí o bá a lọ.”

Mo bá ìdí lọ.
Mo tẹrí ba bí ẹni fẹ́ kí ọba,
mo fi akoto sọ orúnkún tó fi dúró.
Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ́ igi gbígbẹ rí,
ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tí mo gbọ́.
Bọ́ọ̀lù yí lọ. Ẹnì kan gbé e, ó ń sáré, ó ń yọ̀,
kò tíì mọ̀.

Bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì la fi gbé e kúrò lórí pápá.
Máíkírà ló gbé e dé ọsibítù,
ilẹ̀kùn ò ṣe é tì, ẹsẹ̀ náà yọ síta,
èmi ni mo di ilẹ̀kùn mú kó má baà padà lù ú.
Ìyá rẹ̀ kò bú mi.
Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó wo akoto lọ́wọ́ mi:
“Ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ bí i,
ṣé torí kí òun má lè kúnlẹ̀ mọ́ ni?”

Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, mo gbọ́ pé
àbúrò rẹ̀ ló bá a dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna.
Wọ́n fìwé pè mí. N ò lọ.

Wọ́n ní òfin wà. Ó wà lóòótọ́,
nínú ìwé tí kóòṣì wa fi ń lé eṣinṣin.

Èmi ni kóòṣì báyìí.
Ní gbogbo Sátidé, kí fèrè tó dún,
mo máa ń to àwọn ọmọ náà, mo á mú ẹfun,
mo á fa ìlà sí wọn nítan, lókè orúnkún.
Ìsàlẹ̀ ibí yìí, èèwọ̀.
Ẹni bá kọjá a, ilé ló ń lọ,
ì báà jẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù.
Bàbá kan ní mò ń sọ ọmọkùnrin di ojo.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Òógùn a máa fọ ìlà náà dànù kí eré tó dé ìdajì;
mo á dá eré dúró, mo á tún un fà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kadà kan dúró létí pápá.
Ó sọ̀kalẹ̀: ẹsẹ̀ òsì, ọ̀pá,
lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ tí mo bàjẹ́.
Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.
Kò wojú mi.
Ó wo ọmọ tó gbẹ̀yìn, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí itan rẹ̀:
“Fà á sókè díẹ̀ sí i.”